Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńkọ́?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé títẹ̀. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àrùn rọpárọsẹ̀ (èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ máa ń dí tàbí kó ya nínú ọpọlọ) nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn. Ẹ ní tí ẹnu èèyàn bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá ò gbé sókè mọ́, ká má dúró wò ó, ká má sáré lọ wá àgbo, ká gbé e kíákíá ó di ọsibítù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò rí nǹkan wí sí i. Àmọ́ nígbà tí mo kà á tán mo yọ awò ojú mi, mo wá bi ara mi pé ẹni tó ti wà ní ọsibítù tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibo la fẹ́ gbé òun lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, mi ò ṣàwàdà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 31 ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìntì, wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni o, wọ́ọ̀dù obìnrin ni o, tíátà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ni o, kò síbi tí mi ò dé. Àwọn tó ń ka irú nǹkan báyìí káàkiri àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí rọpárọsẹ̀ mú, láti orí 2 títí dé 17 ló jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bá wọn, nǹkan míì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé wọn wá. Ẹni tó wá fún hẹ́níà, ẹni tó wá fún ọkàn, ẹni tí eegun ẹ̀ ṣẹ́. Ohun tó wá ya èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣe síkáànù fún, ìyẹn fọ́tò inú orí, wọ́n máa ń pẹ́ ju ẹni tí wọ́n gbé wá láti ilé lọ, ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú dókítà! Ìdí ẹ̀ ò le. Ẹni tó wà nílé, tí nǹkan bá ṣe é, gbogbo ilé á pariwo. Ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù, oníkálukú rò pé ẹlòmíì ló ń wò ó. Ará ilé gbà pé nọ́ọ̀sì ń wò ó, nọ́ọ̀sì gbà pé dókítà ti wò ó nígbà tó ń yíká, dókítà ń wo ojú egbò tó gán, ó ní ó ń jinná dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 71, ṣubú ní balùwẹ̀ nílé wọn ní Òkè-Àdó, eegun itan ṣẹ́. A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan níbí n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ìjà kọ́ ni mo bá wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ọkàn ẹ̀gbọ́n mi máa ń lù ségesège, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Èèyàn ò sì lè máa lo ìyẹn lọ́wọ́ kí wọ́n la ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Ni wọ́n bá dá a dúró fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, bó ṣe yẹ náà nìyẹn, mi ò bá wọn wí. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an lewu wà. Tí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sí kọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, ibi tó bá ti dúró pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí dì bí ẹ̀kọ tó tutù, tí bíńtín bá já lára ẹ̀, ó lè gba ọ̀nà ọpọlọ lọ dí ibẹ̀. Torí náà ẹni tí wọ́n dá oògùn ẹ̀ dúró, tí wọ́n ní kó má jẹ kó má mu láti òru, tí bí-pí ẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ti wálẹ̀ nígbà tí wọ́n kùn ún lóorun, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ojú wà lára ẹ̀ jù ní gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó lọ dáadáa. Alẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn já gaara, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ìró aláwọ̀ búlúù bọ̀ lọ́la, wọ́n tún bú mi pé mo máa ń pẹ́ jù. Ẹ fi aago mẹ́wàá yẹn sọ́kàn o, mo máa padà síbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ wọn ló sùn tì wọ́n, lórí ẹní ní kọ́rídọ̀, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Nígbà tó máa fi di bí aago mẹ́fà ìdájí Ọjọ́rú, obìnrin kan tó ń nulẹ̀ ti mọ́ọ̀bù ẹ̀ dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wá wo màmá yìí o, ẹnu wọn ò rí báyìí lánàá." Obìnrin tó ń nulẹ̀ o! Lánàá ló bá wọn ṣeré, ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lójú iṣẹ́ dìde, kì í ṣe ọ̀lẹ, òun nìkan pẹ̀lú aláìsàn 28 láti alẹ́, ó wá, ó ní, "Màmá, báwo lara yín?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dáadáa ni, mo dúpẹ́." Ó ní ṣé nǹkan kan ń dùn yín? Wọ́n ní rárá. Ó ní oògùn oorun ni ò tíì dá lójú wọn, ó padà lọ jókòó.

Ẹ wò ó, kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn dúró sí. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́, apá òsì ara ló máa ń rọ, àwọn míì nínú wọn kì í sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe àwọn. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Ọpọlọ tó yẹ kó sọ fún wọn pé apá òsì ti kú ni ibi tó kú yẹn. Ẹ gbé ọwọ́ òsì wọn sókè kí ẹ bi wọ́n pé ọwọ́ ta nìyí, wọ́n lè ní ọwọ́ yín ni. Ọ̀rọ̀ á já geere lẹ́nu wọn, wọ́n á dáhùn ìkíni, wọ́n á ṣàdúrà fún yín. Ẹni tó bá fi "báwo lara yín" wádìí irú wọn, kò tíì wádìí nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kó ṣe ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi eyín hàn yín, ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ò gbéra. Ẹ ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ ka 1 dé 10, ọwọ́ tó bá ń rọra jábọ̀ ti sọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ẹ wo ojú, ṣé ibì kan náà ló ń wò, ṣé ó kọ̀ láti yí síbi tí ẹ wà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Láyé tiwa àwọn òyìnbó kọ́ wa ní gbólóhùn kan tí aláìsàn máa tún sọ, àmọ́ èmi ò bá ìyá Ìbàdàn sọ gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń ní kí wọ́n ki oríkì ara wọn fún mi. Kò sí ìyá àgbà tí oríkì ẹ̀ máa sọ nù lẹ́nu ẹ̀ lásán. Tó bá dé ìlàjì tó wá ń ta gọ́gọ́, tàbí tó ń sọ nǹkan tí kò nítumọ̀, ẹ pe dókítà, ẹ má pe pásítọ̀ ṣáájú.

Ìyàwó ọmọ wa, ọmọ dáadáa, kò mọ̀, ó ní ebi á ti máa pa wọ́n. Ó po ògì, ó fi ṣíbí bu ú sí wọn lẹ́nu. Wọ́n húkọ́, wọ́n húkọ́, ó gbá wọn lẹ́yìn, ó tún fi omi tì í. Mo fẹ́ kí ẹ tẹ èyí ní lẹ́tà gbàǹgbà tó bá ṣeé ṣe: ẹni tí a bá fura pé rọpárọsẹ̀ mú, kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu, oògùn pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́nu, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fun náà lè rọ bí apá ṣe rọ. Oúnjẹ á ya ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọjọ́ méjì mẹ́ta ibà á gbéra, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ló pa, ẹ̀dọ̀fóró ló pa wọ́n. Ògì ìfẹ́ ló dá ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ méjì àfikún.

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni mo dé pẹ̀lú ìró búlúù mi lọ́wọ́ (súnkẹrẹ fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí). Mo kí wọn láti apá òsì, wọn ò wojú mi. Mo yí sí ọ̀tún, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ kan. Orí mi wú. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́, ọ̀kan dìde, èkejì ò mira. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní ọmọ mi, ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá ṣáká? Ó ní ní aago mẹ́fà ni wọ́n ti pe òun. Mo ní mi ò béèrè ìgbà tí wọ́n rí àìsàn, ìgbà tí wọ́n rí ìlera kẹ́yìn ni mo ń béèrè. Ó gbé ṣáátì, ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní aago méjì òru pé "ó ń sùn", aago márùn-ún "ó ń sùn". Ṣé ẹ rí i? Sísùn kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dá. Aago mẹ́wàá àná tí wọ́n bú mi lórí fóònù, òun ni ẹ̀rí ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni ní. Wákàtí 11 àbọ̀ ti lọ.

Kí ló dé tí mo fi ń ka aago bí ẹni ń ka owó? Torí oògùn kan wà, alteplase ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n ń fi dírípù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí ọ̀nà ọpọlọ ẹ̀, á máa yọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún rọpárọsẹ̀, wákàtí 3 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù tó jáde ní 2008 wá fi hàn pé ó ṣì ń ṣàǹfààní dé wákàtí 4 àbọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i tí ara ẹ̀ dá kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ìgbà tí a pariwo. Èkejì tún wà, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ń gba ojú iṣan itan kì wọlé títí dé ọpọlọ, tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde, ìyẹn ló gbajúmọ̀ láti 2015, àwọn aláìsàn kan sì wà tí wọ́n lè ṣe é fún dé wákàtí 24. Ìṣẹ́jú kan péré tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá kan bá fi dí lọ́pọlọ, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú. Ìṣẹ́jú kan o. Ẹ wá ṣírò ìgbà tí nọ́ọ̀sì fi padà lọ jókòó.

Kí n sọ òótọ́ ṣá, kí ẹnikẹ́ni má ba à ní mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tan yín: bí wọ́n tiẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n mi ní ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní lè fún wọn ní alteplase. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kì í sábà fún un, ojú egbò á máa da ẹ̀jẹ̀. Ti wáyà yẹn ló tọ́ sí irú wọn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà ò sì pọ̀ rárá. Àwọn kan á wá ní, kí lànfààní ká tètè mọ̀ nígbà náà? Ànfààní ẹ̀ pọ̀ jàre. Wọn ò bá ti fún wọn ní ògì. Wọn ò sì bá ti ṣe ohun tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo pariwo tán, háósì ọ́físà kan wá, ìyẹn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ kékeré, ojú ẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. Ó wọn bí-pí, 190 lórí 100. Ó ní bí-pí ló fa gbogbo ẹ̀, ó ní kí wọ́n fi nifedipine, oògùn tó ń mú bí-pí wálẹ̀, sábẹ́ ahọ́n. Mo ní dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Kò dúró, èmi arúgbó inú ìró, ta ni mo jẹ́? Láàárín wákàtí kan bí-pí ti já sí 110, ẹ̀gbọ́n mi tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ kan kò lè lajú mọ́.

Ẹ wo páìpù tó gbé omi lọ sórí òkè tó dí ní àárín. Omi díẹ̀ tó ṣì ń kán dé òkè, pọ́ǹpù tó ń tì í kíkankíkan láti ìsàlẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ẹnì kan wá pa pọ́ǹpù náà, ó ní ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, tí wọn ò bá ní fún èèyàn lóògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sábà fọwọ́ kan bí-pí ẹ̀ àfi tó bá ti kọjá 220 lórí 120, tàbí tí nǹkan míì bá wà, bíi kí ọkàn má lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ fún un lóògùn náà, wọ́n á rọra mú un wá sábẹ́ 185 lórí 110. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ya nínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nǹkan bíi 140 ni wọ́n sábà máa ń wá fún nọ́ńbà òkè. Kò sì sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó dí àti èyí tó ya. Ẹnu á wọ́ níbi méjèèjì, apá á rọ níbi méjèèjì. Síkáànù orí nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sáré fún èèyàn ní aspirin pàápàá kí wọ́n tó ya síkáànù. Ẹ̀jẹ̀ tó ya máa ń hàn funfun báláú lórí fọ́tò náà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó dí lè má hàn ní wákàtí àkọ́kọ́, torí náà tí wọ́n bá ní "síkáànù dáa", kì í ṣe pé ara aláìsàn dáa nìyẹn.

Ẹ̀rọ síkáànù ò sí lọ́sibítù náà. A wá ambulance, a wá owó dépósíìtì, ẹni tó ń wa ambulance lọ jẹun, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó ya fọ́tò. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn mọ́, inú á tún bí mi.

Ohun kan tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tó jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú ni, tí kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ títí mo fi sọ ọ́: kí wọ́n gún ìka kí wọ́n wo ṣúgà. Ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ jù lè fara jọ rọpárọsẹ̀ pátápátá, ẹnu á wọ́, apá á rọ, ẹ fún un ní glucose lójú iṣan, ó dìde jókòó. Mo ti rí i lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìrì, ó lè fi apá kan sílẹ̀ ní rírọ fún wákàtí mélòó kan. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó yẹ ká tètè pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò yẹ kó jẹ́ ìdí tí a ó fi ní "ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ nǹkan kan".

Olóòtú, mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń na ìka sí àwọn ọmọ òde òní nìkan. Èmi náà ti ṣe é. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ prostate fún, olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n níwà pẹ̀lẹ́. Láàjìn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, "Ìlẹ̀kùn! Ẹ fún mi ní ìlẹ̀kùn!" Mo ní bàbá, ìlẹ̀kùn ti wà ní títì, ẹ sùn. Wọ́n tún ní ìlẹ̀kùn. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fa dírípù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, pé orí wọn dàrú torí oògùn, irú ẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo bá so ọwọ́ òsì yẹn mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo so. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè pé kí ló dé tí ọwọ́ ọ̀tún ò fi fa nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, dókítà àgbà dé, ó wò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ó ní rọpárọsẹ̀ ni, apá òsì ọpọlọ, ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Omi ni bàbá ń bèèrè láti òru. Omi ló wà lọ́kàn wọn, ìlẹ̀kùn ló ń jáde lẹ́nu.

Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Torí náà nígbà tí àwọn èèyàn bá ní aláìsàn kan "ń ṣe ràdàràdà" ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń bi wọ́n léèrè: ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni kò mọ̀ ni, àbí ohun tó fẹ́ sọ ló mọ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọ̀ láti bọ́ sípò? Ẹni tórí ẹ̀ dàrú lásán á máa lọ á máa bọ̀, á mọ̀ yín ní àárọ̀ kó má mọ̀ yín lálẹ́, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ló máa fi jà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ kan jà, ẹ lọ wo èkejì.

Kí ni mo wá fẹ́? Mi ò bèèrè ẹ̀rọ olówó ńlá, ìjọba á ṣe ìyẹn tàbí kó má ṣe é. Mo fẹ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, títí dé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà ní Apẹ̀tẹ̀ àti Mọ́níyà, ní nọ́ńbà fóònù kan tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri, tí ẹnikẹ́ni lè pè tó bá rí ẹnu tó wọ́. Mo ní ẹnikẹ́ni: nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń nulẹ̀, ẹni tó ń pín oúnjẹ, ìyàwó ọmọ tó sùn lórí ẹní. Ẹni tó bá pè tó wá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan, kí wọ́n má bú u. Àṣìpè mẹ́wàá dára ju ẹyọ kan tí a sùn kọjá. Ìyẹn kì í ṣe èrò tèmi nìkan o, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde ní 2022 lórí rọpárọsẹ̀ tó ń mú èèyàn lọ́sibítù, ara ohun tí wọ́n sọ ni pé kí wọ́n kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ọsibítù bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀, kí ikọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti sáré dé ibẹ̀. Wọn ò ní dókítà nìkan. Mo tún fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ sí ṣáátì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọn bí-pí lóru, kì í ṣe "ó ń sùn", kí wọ́n jí i, kó gbé apá méjèèjì, kí wọ́n kọ aago. Aláìsàn á bínú pé wọ́n jí òun. Kó bínú.

Ìlú wa yìí kọ́ ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe nípa àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú n'Ìbàdàn láàárín 1973 sí 1975 wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 2018, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú ẹ̀ jáde, aláìsàn tó lé ní 2,000 ni wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀, iyọ̀ tí a ń bù sórí ọbẹ̀ tó ti jinná náà wà níbẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí ń ti Ìbàdàn jáde lọ kárí ayé, nígbà tí wọ́ọ̀dù kan wà nígboro yìí kan náà tí ẹni tó ń nulẹ̀ ti rí rọpárọsẹ̀ ṣáájú gbogbo wa.

Àwọn ará ilé wa náà ò gbọ́dọ̀ sùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń le, ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí ti ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé wọ́n ta wọ́n lọ́fà ni, ó ti gbé òróró àdúrà dé, ó fẹ́ fi sí wọn lẹ́nu. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní gbàdúrà, mo máa ṣe àmín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò gbọdọ̀ gba ẹnu yìí kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Wọ́n ti padà sí Òkè-Àdó, apá òsì ṣì rọ, àmọ́ wọ́n ti ń lè di bọ́ọ̀lù kékeré mú, ẹni tó ń ṣe físíò fún wọn ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí bú mi pé mo máa ń pẹ́.

Mo padà sí ọsibítù náà lóṣù tó kọjá, mo gbé aṣọ kan lọ́wọ́, mo ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń nulẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ní kọ́ńtráátì ni wọ́n, wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwé ìròyìn yín ń dé ọwọ́ ẹ̀, tàbí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé aṣọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, àǹkárá ni, ọ̀pá mẹ́fà.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.